Eré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin: Bí Èmi àti Ìyá Ìbejì Ṣe Sá Great North Run

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí fọ́tò tí mo gbé sórí WhatsApp ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá: èmi àti obìnrin kan létí òkun, àmì-ẹ̀yẹ lọ́rùn àwa méjèèjì, iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí wa lójú, a sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò lè sáré bá bọ́ọ̀sì ní géètì yunifásítì, báwo ló ṣe sá kìlómítà mọ́kànlélógún? Olóòtú wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin inú fọ́tò náà, ẹ̀ka wa yìí ni wọ́n ti jáde. Wọ́n fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú mi. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, nítorí náà Ìyá Ìbejì ni mo máa pè wọ́n níbí, bí mo ṣe ń pè wọ́n lójoojúmọ́. Inú kíláàsì ní Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la ti pàdé. Olùkọ́ ní kí oníkálukú sọ ibi tó ti kàwé wá. Bí wọ́n ṣe dárúkọ ẹ̀ka wa ni mo yíjú padà. Lẹ́yìn kíláàsì, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wo ilẹ̀, wọ́n rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe nítorí ìlera ara la fi bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹni tó wá kàwé gboyè másítà inú kíláàsì kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó wá fún ìwádìí, bíi oyè ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n ṣì ń gbà fún. Ìyá Ìbejì fi Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́fà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn ní Òṣogbo. Ní oṣù kọkànlá, ibà gbé Kẹ́hìndé dé ilé ìwòsàn, ọjọ́ márùn-ún gbáko ló lò níbẹ̀. Ara ọmọ náà yá, ṣùgbọ́n oorun kúrò lójú ìyá rẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láàárín ogún wákàtí tí òfin fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́, dípò kí wọ́n sùn, wọn á jáde lọ rìn.

Èmi ní tèmi, mo gba máàkì 48 nínú àròkọ àkọ́kọ́ mi, níbi tí 50 ti jẹ́ ìwọ̀n àṣeyege. Èmi tí mo gbégbá orókè lọ́dọ̀ yín! Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí Ìyá Ìbejì sọ pé àwọn máa ń rìn lálẹ́, mo ní n ó máa bá wọn lọ, pé kò dáa kí obìnrin nìkan máa rìn nínú òkùnkùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà ò fẹ́ dá wà nínú yàrá mi.

Town Moor la ti ń rìn, pápá gbalasa kan tó wà láàárín ìlú náà gan-an. Tó bá di ìgbà ooru, màlúù ló máa ń jẹko níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni màlúù ti ń rìn nígboro, ẹ wá wo Newcastle. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, màlúù kan ò sí níbẹ̀, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, atẹ́gùn á sì máa gún wa létí bí abẹ́rẹ́. Òtútù yẹn ló sọ ìrìn di eré. A ò jókòó pinnu rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń sáré ní Newcastle kò lè ṣe kó má gbọ́ nípa Great North Run. Brendan Foster, ọmọ agbègbè náà tó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú eré ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mítà ní Òlíḿpíìkì Montreal lọ́dún 1976, ló dá a sílẹ̀ ní 1981. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn ló sá a lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di 2014, àpapọ̀ àwọn tó ti sá a dé òpin ti pé mílíọ̀nù kan. Ìdajì máratọ́ọ̀nù ni: máratọ́ọ̀nù odindi jẹ́ kìlómítà 42.195, ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Òlíḿpíìkì London ní 1908, nítorí náà ìdajì rẹ̀ jẹ́ 21.0975, ìyẹn máìlì 13.1. Láti àárín Newcastle ni wọ́n ti ń gbéra, wọn á gba orí afárá Tyne kọjá odò, wọn á sì sá a títí dé South Shields létí òkun.

Gègé ni wọ́n máa ń ṣẹ́ kí èèyàn tó ráyè wọlé, nítorí àwọn tó ń fẹ́ ẹ pọ̀ ju àyè lọ. A fi orúkọ sílẹ̀, gègé mú Ìyá Ìbejì, kò mú mi. Ọ̀nà kejì ni pé kí èèyàn gba àyè lọ́wọ́ àjọ aláàánú kan, kó sì ṣèlérí iye owó tí òun máa bá wọn wá. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà, ẹ̀yin kan nínú yín lẹ sì dá owó náà. Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́, tó di nǹkan bíi pọ́n-ún kan nígbà tó débí, ẹ ṣeun, mo kà á mọ́ ọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eré fúnra rẹ̀. Àwọn oníròyìn wa máa ń pe máratọ́ọ̀nù ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Mo rò pé ńṣe ni kí n máa bẹ́ gìjà bí ẹṣin. Bí a bá ti dé orí pápá, n ó ta kìtì, n ó fi Ìyá Ìbejì sílẹ̀ sẹ́yìn, n ó wá lọ dúró lábẹ́ iná òpópónà níwájú, n ó máa mí hẹlẹhẹlẹ títí wọ́n fi máa dé. Wọn á kọjá lára mi bí ẹni tó ń lọ ra iyọ̀, wọn ò ní dúró. N ó tún sáré kọjá wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojúgun mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí débi pé ẹ̀yìn ni mo ń fà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa.

Bàbá àgbàlagbà kan ni ó là mí lóye. Ní parkrun ni mo ti pàdé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kàwé níbí, ẹ fi ọ̀rọ̀ parkrun yìí sọ́kàn: eré kìlómítà márùn-ún ni, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni, ó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tó bá wù ú lè rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èèyàn mẹ́tàlá péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní London ní 2004. Fún ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nílùú, mi ò rí ohun tó dára tó o. Bàbá yìí máa ń ran àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n rí mi tí mo ń tiro, wọ́n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi ní èdè Geordie wọn (ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sọ ọ́ kó tó yé mi, èmi tí mo kàwé nípa èdè): tí o bá ń sáré, ṣé o lè sọ̀rọ̀?

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun tó ń ṣe mí nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Tí èèyàn bá rọra sáré, tí èémí rẹ̀ tó o láti sọ gbólóhùn kan tán, ara ń fi afẹ́fẹ́ sun ọ̀rá àti ṣúgà inú rẹ̀ lọ́nà tó lè ṣe fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá lù, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ín-tín á pọ̀ sí i nínú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń ta kìtì, ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú iṣan ló ń jẹ, kì í sì í pọ̀ nínú ara. Ẹni tó bá ń le mọ́ ọn á lò ó tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń dúró gbagidi lójijì bíi mọ́tò tí epo tán nínú rẹ̀. Ọ̀ràn egungun tún wà ńbẹ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń kọ́ iṣẹ́ tuntun. Egungun àti iṣan tó so ẹran mọ́ ọn kì í tètè kọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, èémí mi ti gbà pé mo lè sáré, ojúgun mi kò tíì gbọ́.

Ìyá Ìbejì, tí mo ti ń ṣàánú pé wọn ò yára, ni wọ́n ti ń ṣe é dáadáa láti ọjọ́ kìíní. Mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà, mo wá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìtẹ̀lé ẹsẹ̀ wọn ṣòro fún mi ju sísáré lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹni tó bá rí wa á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyálọ́mọ tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ kọjá lára wa lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé a ò le jù ni pé à ń kà. Ìyá Ìbejì á ké "oókan," èmi á ké "eéjì," báyìí báyìí, ẹni tí èémí rẹ̀ bá gé sí méjì láàárín nọ́ńbà ló ń sáré jù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe kọ́ọ̀sì òǹkà ní ẹ̀ka wa á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, ẹ̀wá là ń wò: ọ̀kan lé lórí ẹ̀wá, ẹ̀rin lé lórí ẹ̀wá. Tó bá ti di ẹ́ẹ̀dógún, a ò wo ẹ̀yìn mọ́, ogún la kọjú sí: ó ku márùn-ún kó pé ogún, ó ku mẹ́rin, ó ku mẹ́ta. Nínú kíláàsì, ohun tí èèyàn ń kọ́ sórí nítorí ìdánwò ni. Lójú ọ̀nà, tí kìlómítà kẹrìndínlógún bá dé, ẹ ó rí i pé ẹni tó dá òǹkà yẹn sílẹ̀ mọ ohun tí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ́.

Tí a ò bá kà, à ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 48 mi ti jáde. Mo rò pé wọ́n á bá mi kẹ́dùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Àbúrò, kí lo ń sọ gan-an nínú àròkọ yẹn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sọ ọ́ títí, èémí mi gé. Wọ́n ní, "Tún un sọ." Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tún un sọ ká tó dé etí Leazes Park, kó tó di gbólóhùn kan tí mo lè sọ tán láìmí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ àròkọ kankan tí mi ò kọ́kọ́ sá. Èyí tó tẹ̀ lé e gba 64. Nígbà tí mo rí máàkì náà, Ìyá Ìbejì ni mo kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà ni mo pe ilé, mo sì sọ ti 48 fún wọn pẹ̀lú.

Ètò wa kò le. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń sáré lọ́sẹ̀: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn ní ọjọ́ Àìkú. Èyí gígùn la máa ń fi kìlómítà kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ kún. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, a máa ń dín in kù kí ara lè rójú. A kò sá 21 rí ṣáájú ọjọ́ náà. 18 la sá jù, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, a wá ń dín in kù títí. Ìgbà ooru dẹ iṣẹ́ náà lọ́rùn, nítorí ní oṣù kẹfà, ó máa ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Ìbejì á ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ á ṣì mọ́ kedere.

Oúnjẹ: ẹ má jẹ ẹ̀wà mọ́jú ọjọ́ tí ẹ máa sáré gígùn. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ tí kò ní ata púpọ̀ ló bá wa lára mu, búrẹ́dì àti oyin ní àárọ̀, súìtì díẹ̀ nínú àpò fún ojú ọ̀nà. Ẹ fi Vaseline pa gbogbo ibi tí aṣọ bá ti lè bó yín. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ náà dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kún ojú títì kan tó jẹ́ pé mọ́tò nìkan ló ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn la wà, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó kàn wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń ka àkókò ẹnìkọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá ìlà, nítorí náà kò sí ìdí láti ti ara ẹni. Ìyá Ìbejì ní ká dá májẹ̀mú: bí nǹkan bá ṣe ẹnìkan nínú wa, kí ẹnìkejì máa lọ. Mo ní mo gbọ́.

Afárá Tyne, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ tán. Ìró ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ dà bí òjò tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ní Gateshead àti Felling, àwọn ará ilé jáde síta, wọ́n ń pín ọsàn tí wọ́n ti là àti omi dídì fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Orúkọ wa wà lára nọ́ńbà tó wà láyà wa, wọ́n sì ń gbìyànjú láti pè é. Bí wọ́n ṣe ba tèmi jẹ́ tó, inú mi ń dùn sí i.

Ní máìlì kẹwàá, lórí John Reid Road tó ń fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gòkè láìdáwọ́ dúró, pàjápàjá mú iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì Ìyá Ìbejì. Wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú.

"Àbúrò, máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lọ síbì kankan."

"Ṣé a ò ti jọ sọ ọ́ ni? Máa lọ, mo ní."

Mo lọ. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀ pé wọ́n ní kí n máa lọ. Oṣù mélòó kan ni mo ti fi kó ara mi níjàánu, ẹsẹ̀ mi ṣì lágbára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá àwọn èèyàn. Mo sá kìlómítà kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún bí mi ò ṣe sá nǹkan kan rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, òkun sì yọ sí mi lójú. Fóònù mi ké pé kìlómítà mọ́kàndínlógún ti pé. Mo ké "ọ̀kàndínlógún!" Kò sí ẹni tó ké "ogún."

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo dúró. Àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì wá bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá nǹkan ń ṣe mí. Nígbà tí Ìyá Ìbejì máa yọ, wọ́n ń tiro, ọkùnrin òyìnbó kan tó wọ aṣọ adìyẹ láti orí dé ẹsẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ké "ọ̀kàndínlógún," adìyẹ náà sì dáhùn pé "ogun," láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó yára tó bẹ́ẹ̀.

Inú wọn ò dùn sí mi o. "Ta ló ní kí o dúró dè mí? Àkókò rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Pàjápàjá mú èmi náà, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Irọ́ ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

A rin díẹ̀, a sá díẹ̀, títí a fi kọjá ìlà, wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú méjì. Bí wọ́n ṣe fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ wa lọ́rùn tán, Ìyá Ìbejì jókòó sórí koríko, wọ́n pe Òṣogbo lórí fídíò. Àwọn ọmọ méjèèjì ń du fóònù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Táíwò ní, "Màmá, ipò kelòó lẹ gbà?"

Ìyá Ìbejì wò mí. "Nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló wà níwájú wa."

"Ọ̀kẹ́ méjì, ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ díẹ̀."

Kẹ́hìndé wá gba fóònù náà, ó ní, "Ẹni mélòó ló wà lẹ́yìn yín?"

Ìyá Ìbejì yí fóònù náà padà, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, wọ́n ní kí ó máa kà wọ́n.